Àdàpè Tàbí Orúkọ? Ìjà Lórí Ohun Tí A Ó Máa Pe Àwọn Tí Ń Wá Ìran Nínú Olú àti LSD

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìtàn ilé, iṣẹ́ ilé àti ohun tí ilé ń bọ ni orúkọ ń gbé kiri, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá gbọ́ Ògúnbíyìí tàbí Àyántúndé, a ti mọ ẹnu ọ̀nà tí a ó kàn kí a tó dé àdúgbò. Ṣùgbọ́n kí ni kí àwùjọ kan ṣe tí kò bá ní ilé tí yóò wò? Kí ni kí àwọn ènìyàn máa pe ara wọn nígbà tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, tí kì í ṣe èdè, tí kì í sì í ṣe ìlú ni ó pa wọ́n pọ̀, bí kò ṣe ohun kan tí wọ́n jọ ń jẹ tàbí tí wọ́n jọ ń mu?

Ìbéèrè yìí ti wà níwájú àwọn kan ní Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Yúróòpù fún nǹkan bí 70 ọdún. Àwọn ni wọ́n ń lo èròjà tí a ń pè ní LSD, àti àwọn olú kan tí ń yí ojú ọkàn padà, àti peyote, irúgbìn kékeré kan tí ó jọ ọrọ́ ṣùgbọ́n tí kò lẹ́gùn-ún, àti ayahuasca, àgbo tí a ń sè láti ara ìtàkùn àti ewé inú igbó Amazon. Ẹni tí ó bá lò wọ́n a máa rí àwọ̀ àti àwòrán tí ẹni tí ó jókòó tì í kò rí. Ẹlòmíràn a ní òun ti bá Ẹlẹ́dàá òun pàdé. Ẹlòmíràn a sì bọ́ sínú ìbẹ̀rù tí ó lè da ọkàn rẹ̀ rú fún ìgbà pípẹ́. Láàárín àwọn wọ̀nyí, ìjà lórí orúkọ kò tíì parí títí di òní. Ìjà náà kì í sì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí pé orúkọ tí ó bá mọ́ wọn lára ni ó ń sọ bóyá ọgbà ẹ̀wọ̀n, ilé ìwòsàn tàbí ilé ìsìn ni a ó ti máa bá wọn.

ORÚKỌ TÍ ÀWỌN DÓKÍTÀ SỌ

Albert Hofmann, onímọ̀ kẹ́mísírì ní ilé-iṣẹ́ Sandoz ní ìlú Basel, ní orílẹ̀-èdè Swítsálandì, ni ó kọ́kọ́ ṣe LSD ní ọdún 1938. Ọdún 1943 ni ó tó mọ agbára rẹ̀, nígbà tí ó tọ́ ọ wò fúnra rẹ̀. Nígbà tí èròjà náà dé ọwọ́ àwọn dókítà ọpọlọ, èrò wọn ni pé ó ń sọ ẹni tí orí rẹ̀ pé di wèrè fún wákàtí díẹ̀, kí dókítà lè mọ ohun tí ojú wèrè ń rí. Nítorí náà, orúkọ tí wọ́n fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ju "ohun tí ń sín wèrè jẹ" lọ. Àwọn mìíràn pè é ní "ohun tí ń múni rí ohun tí kò sí." Orúkọ méjèèjì ti dá ẹjọ́ kí a tó gbọ́ tẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Humphry Osmond, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní agbègbè Saskatchewan ní Kánádà, kò fara mọ́ irú orúkọ wọ̀nyí. Òun ni ó fún Aldous Huxley, gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé nì, ní èròjà mescaline tí ó wà nínú peyote ní ọdún 1953. Ohun tí Huxley rí ni ó fi kọ ìwé kan tí ó jáde ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ní ọdún 1956, àwọn méjèèjì ń kọ lẹ́tà síra wọn, wọ́n ń wá orúkọ tí yóò yẹ ohun náà. Huxley mú tirẹ̀ wá. Osmond fi tirẹ̀ dá a lóhùn: psychedelic. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti ṣà á jọ, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "èyí tí ń fi ohun tí ó wà nínú ọkàn hàn." Ẹ kíyè sí i pé ohun kan náà ni, ìwọ̀n kan náà ni, ohun tí ó jẹ́ wèrè lánàá ni ó di ìfihàn lónìí. Kò sí ohun tí ó yí padà bí kò ṣe orúkọ.

ORÚKỌ TÍ ARÁ ÒDE SỌ

Láàárín ọdún 1960 sí 1969, ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ àwọn dókítà, ó bọ́ sí ìgboro. Àwọn ọ̀dọ́ rọ́ lọ sí àdúgbò Haight-Ashbury ní ìlú San Francisco, wọ́n ń lo LSD, wọ́n ń dá irun sí, wọ́n sì ń jọ gbé pọ̀. Orúkọ tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n sí ni hippie. Àwọn akọ̀ròyìn ìlú náà ni wọ́n gbé orúkọ yìí kiri láti ọdún 1965. Kì í ṣe èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ náà yàn fúnra wọn.

Ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1966, ìpínlẹ̀ California fi òfin de LSD. Nígbà tí ó pé ọdún kan géérégé, ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1967, àwọn kan nínú ará àdúgbò náà gbé pósí, wọ́n rìn kiri ìgboro, wọ́n ní àwọn ń sin òkú hippie. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ọmọ tí ìwé ìròyìn bí ni orúkọ náà, pé ẹni òmìnira ni kí a máa pe àwọn. Ìsìnkú orúkọ! Kò yẹ kí ó ya Yorùbá lẹ́nu, nítorí a mọ bí ìnagijẹ tí ará àdúgbò fún ènìyàn ṣe lè bo orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n pósí kò rí orúkọ náà gbé lọ. Ẹni òmìnira kò jẹ́ mọ́ wọn lára. Hippie ni a ṣì ń pè wọ́n títí di òní olónìí.

ORÚKỌ ÌJỌ

Bí òfin ti ń le sí i, àwọn kan wá ibi ìsádi sí inú ìsìn. Timothy Leary, tí ó ti jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Harvard kí wọ́n tó yọ ọ́ ní ọdún 1963, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní ọdún 1966 tí ó pè ní League for Spiritual Discovery. Ẹni tí ó bá to lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ pàtàkì inú rẹ̀ pọ̀ yóò rí LSD níbẹ̀. Ẹgbẹ́ mìíràn tún wà tí ń jẹ́ Neo-American Church. Ní ọdún 1968, ẹjọ́ ọ̀kan nínú àwọn òjíṣẹ́ ìjọ yìí dé iwájú Adájọ́ Gerhard Gesell ní Washington. Adájọ́ yẹ ìwé ìjọ wò: ó rí i pé ọ̀pọ̀lọ́ olójú mẹ́ta ni àmì ìjọ, ó sì rí i pé orin eré ọmọdé wà lára orin ìjọ. Ó wá ìlànà ìsìn, ó wá ẹ̀kọ́, ó wá ìjánu tí ìjọ fi ń kó ọmọ ìjọ níjàánu, kò rí wọn. Ìdájọ́ rẹ̀ ni pé ìfẹ́ tí wọ́n ní sí oògùn náà fúnra rẹ̀ ni ó so wọ́n pọ̀.

Àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́." Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà rí lójú adájọ́. Ó kọjá ara orúkọ, ó wọ inú ilé, ó bá ilé lófìfo.

Àwọn tí kò fẹ́ ìjọ rárá náà wà. Ernst Jünger, òǹkọ̀wé ará Jámánì, lo ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1970 tí ọ̀pọ̀ gbà mọ́ra: psychonaut, èyí tí a lè túmọ̀ sí atukọ̀ inú ọkàn. Orúkọ ẹni tí ń dá rìn ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n wá ọdún tí wọn yóò máa ṣe. Láti ọdún 1985, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Roberts bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Illinois, ni wọ́n ti ń ṣe àjọ̀dún Ọjọ́ Kẹ̀kẹ́ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹrin, ní ìrántí ọjọ́ tí Hofmann mọ̀ọ́mọ̀ lo LSD ní ọdún 1943, tí ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé nígbà tí ojú rẹ̀ ń ríran. Àwùjọ tí kò ní baba ńlá kan ni ó ń wá ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ fún ara rẹ̀ yìí.

ÀWỌN TÍ Ó NÍ ILÉ

Bí adájọ́ ṣe ń wá ilé lẹ́yìn orúkọ, kì í ṣe ohun tí kò sí ni ó ń wá. Láàárín àwọn ọmọ onílẹ̀ tí òyìnbó bá ní Amẹ́ríkà, àwọn kan wà tí ń jẹ peyote nínú ìsìn. Ní ọdún 1918, nígbà tí àwọn aṣòfin ní Washington ń gbèrò láti fi òfin dè é, àwọn ènìyàn láti inú ẹ̀yà bíi Kiowa, Comanche àti Cheyenne péjọ ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, wọ́n sì fi orúkọ ìjọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba: Native American Church. Kí a má ṣe tan ara wa jẹ: àwọn náà mọ̀ pé orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ni òyìnbó yóò bọ̀wọ̀ fún. Ẹ̀wù àjèjì ni wọ́n wọ̀. Ṣùgbọ́n ènìyàn wà nínú ẹ̀wù náà. Àìsùn òru wà, orin wà, àgbà tí ń darí ìsìn wà, èèwọ̀ sì wà. Nítorí èyí ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní California fi dá àwọn Navajo kan láre ní ọdún 1964. Nígbà tí ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ ní ọdún 1990 pé ìlú kò jẹ ẹnikẹ́ni ní irú àyè bẹ́ẹ̀, àwọn aṣòfin dìde, wọ́n sì fi òfin dáàbò bo peyote àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ọdún 1994.

Ní Bùràsíìlì, Raimundo Irineu Serra, ọkùnrin adúláwọ̀ tí ó wá láti Maranhão lọ síbi iṣẹ́ rọ́bà ní Acre, dá ìsìn kan sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930 ní àgbègbè ìlú Rio Branco. Ayahuasca ni wọ́n ń mu, ṣùgbọ́n wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀. Daime ni wọ́n ń pè é, láti inú gbólóhùn àdúrà tí ó túmọ̀ sí "fún mi" ní èdè Potogí. Ẹni tí ó bá ti di ọmọ ìjọ tán ni wọ́n ń pè ní ẹni tí ó ti wọ aṣọ ẹgbẹ́. Ìjọ mìíràn, União do Vegetal, tí José Gabriel da Costa dá sílẹ̀ ní ọdún 1961, ń pe àgbo kan náà ní Hoasca. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà gbẹ́sẹ̀ lé àgbo wọn ní ìpínlẹ̀ New Mexico ní ọdún 1999, wọ́n gbé ìjọba lọ sílé-ẹjọ́, wọ́n sì jàre ní ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní ọdún 2006 láìsí adájọ́ kan tí ó ta kò wọ́n.

Ibí yìí ni okùn kan ti so mọ́ ilé wa. Ní Bùràsíìlì, ìsìn Umbanda, nínú èyí tí a ti ń pe Ògún, Ọ̀ṣọ́ọ̀sì àti Yemọja, ti wọnú ìsìn Daime ní àwọn ilé kan. Bùràsíìlì ni ìdàpọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ru láti ilẹ̀ Yorùbá lọ. Síbẹ̀ ó fi hàn pé ibi tí ìsìn bá ti ní orúkọ òrìṣà, orin àti àgbà, ohun mímu kì í dá dúró gẹ́gẹ́ bí ohun kan ṣoṣo tí ó so wọ́n pọ̀.

NÍGBÀ TÍ ÀLEJÒ SỌ ỌMỌ ONÍLÉ LÓRÚKỌ

Àlejò kì í pìtàn ìlú fún onílé. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1955, Gordon Wasson, òṣìṣẹ́ ilé ìfowópamọ́ kan láti New York, dé ìlú Huautla de Jiménez ní Mẹ́síkò, ó sì jẹ olú pẹ̀lú María Sabina, ìyá oníṣègùn ọmọ ẹ̀yà Mazatec. Àwọn ọmọ mímọ́ ni ìyá yìí ń pe olú náà. Ìwòsàn aláìsàn ni ó sì ń lò ó fún. Ní ọdún 1957, Wasson kọ ìtàn náà sínú ìwé ìròyìn Life. "Olú idán" ni akọlé náà pè é, orúkọ náà sì ni gbogbo ayé gbà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ àjèjì ya lu Huautla. Àwọn ará ìlú bínú sí María Sabina, wọ́n jó ilé rẹ̀; òun fúnra rẹ̀ sì sọ lẹ́yìn náà pé olú náà ti pàdánù agbára rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn àjèjì ti dé. Ní ọdún 1979, Wasson wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé márùn-ún tí wọ́n ní psychedelic ti di orúkọ ìgboro, wọ́n sì gbé orúkọ tuntun jáde: entheogen, èyí tí ń mú ọlọ́run wà nínú ènìyàn. Orúkọ tí ó ní ọ̀wọ̀ ni, ṣùgbọ́n èdè Gíríìkì ni wọ́n tún lọ bá. Àwọn ọmọ mímọ́, orúkọ tí onílé sọ, kò sí lára ohun tí wọ́n mú bọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò dúró sí ọdún 1979. Ní ọdún 2019, ìlú Oakland ní California pàṣẹ pé kí àwọn ọlọ́pàá má ṣe ka lílo àwọn irúgbìn báyìí sí ẹ̀ṣẹ̀ tí wọn yóò máa sáré lé, wọ́n sì ka peyote mọ́ wọn. Ewéko ìwòsàn, ẹ̀bùn ilẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ni orúkọ tí àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ fún wọn. Ní ọdún 2020, àwọn àgbà Native American Church kọ̀wé pé kí wọ́n yọ peyote kúrò níbẹ̀. Irúgbìn náà kì í tètè dàgbà, gúúsù Texas àti Mẹ́síkò nìkan ni ó ti ń hù, ó sì ti ń wọ́n. Lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìlú ńlá, "ti gbogbo wa ni" jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́; létí àwọn tí wọ́n ti gba ilẹ̀ wọn rí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni.

ORÚKỌ TÒNÍ

Ẹ wo ẹnì kan tí ó jẹ olú kan náà lónìí. Ní ìpínlẹ̀ Oregon, níbi tí àwọn olùdìbò ti fọwọ́ sí i ní ọdún 2020, oníbàárà ni òfin ń pè é. Ní ìpínlẹ̀ Colorado, òfin tí wọ́n dìbò fún ní ọdún 2022 pe olú náà ní egbòogi àdánidá. Ní Ọsirélíà, láti oṣù keje ọdún 2023, dókítà ọpọlọ tí ó gba àṣẹ lè kọ èròjà inú olú náà fún ẹni tí ìbànújẹ́ ọkàn ti dé mọ́lẹ̀. Aláìsàn ni orúkọ ẹni náà níbẹ̀. Bí ó bá rìn díẹ̀ kọjá ààlà, ọ̀daràn ni yóò jẹ́. Ní Nàìjíríà, òfin tí ó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní ọdún 1989 dárúkọ LSD gan-an, ó sì tò ó mọ́ kokéènì àti heroin.

Carl Hart, ọ̀jọ̀gbọ́n adúláwọ̀ ní Yunifásítì Columbia, ti bá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yìí wí lórí ohun tí orúkọ wọn ń ṣe. Nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 2021, ó ní àwọn tí ń pe tiwọn ní egbòogi àti ìrìn-àjò ọkàn ń ya ara wọn sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ń lo oògùn mìíràn, tí ayé sì ń pè ní ìdọ̀tí. Kò pọn dandan kí a gba gbogbo èrò Hart kí a tó rí i pé ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Orúkọ rere tí ẹgbẹ́ kan bá fún ara rẹ̀ a máa kọ́ ògiri. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn ògiri náà, tí ó sábà máa ń jẹ́ tálákà, ni orúkọ burúkú yóò kù fún.

Àwa tí ń sọ Yorùbá kò yọ nínú ọ̀ràn náà. Oògùn lásán kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi nínú èdè wa: oògùn ibà wà, oògùn àwúre wà, oògùn ìkà náà sì wà. Ohun tí ó bá tẹ̀lé e ni ó ń fi irú rẹ̀ hàn. Ṣùgbọ́n rédíò àti ìwé ìròyìn ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lélẹ̀ fún gbogbo ohun tí òfin dè, èyíinì ni oògùn olóró. Oró wà nínú orúkọ náà kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń túmọ̀ ìròyìn nípa àwọn ènìyàn yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí òun bá kọ oògùn olóró, òun ti jókòó sórí àga adájọ́. Bí òun bá sì kọ egbòogi, òun ti di agbẹjọ́rò wọn. Ohun tí ó sàn jù ni kí a pe nǹkan ní ohun tí ó jẹ́: olú ni olú, àgbo ni àgbo, LSD ni LSD.

Orúkọ a máa ro ọmọ, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ kì í kọ́ ilé. Láti ọdún 1956 títí di òní, àwùjọ yìí ti pààrọ̀ orúkọ bí ẹni pààrọ̀ ẹ̀wù, ayé sì ń béèrè ohun kan náà lọ́wọ́ wọn nígbà gbogbo. Bí wọ́n bá fẹ́ kí a fi orúkọ tí ó wù wọ́n pè wọ́n, kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí a rí ilé: ta ni àgbà ibẹ̀, kí ni èèwọ̀ ibẹ̀, lọ́wọ́ ta ni wọ́n ti gba ohun tí wọ́n ń jẹ, ta sì ni yóò gbé ẹni tí ó bá ṣubú dìde. Bí wọ́n bá ti rí ìdáhùn sí èyí, kò ní ṣòro mọ́ láti sọ ọmọ náà lórúkọ.